Alone, lonely, solitude: níbo lẹ ti bá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí pàdé?

Láti Leeds

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe níbí. À ń lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé wọn, a ó wẹ̀ fún wọn, a ó fún wọn lóògùn, a ó sì kọ ohun tí ojú wa rí sílẹ̀ ká tó jáde. Ìdí ìwé tí a ń kọ yìí ni mo ti mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, àwọn nìkan ló ń gbélé. “Lives alone” ló wà nínú ìwé wọn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, rédíò á máa sọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì, bàbá á máa bomi rin tòmátì lẹ́yìnkùlé, wọ́n á ní kí n tètè ṣe kí àwọn lè padà sídìí iṣẹ́ àwọn. Kò sẹ́ni tó máa rí bàbá yìí tó máa pè wọ́n ní lonely, ìyẹn ẹni tí àìrẹ́nibárìn ń bà lọ́kàn jẹ́.

Ní àdúgbò kan náà, màmá kan ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin. Ìyàwó ọmọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ń sáré gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Nínú yàrá màmá, tíì ti tutù, mílíìkì ti dì lójú rẹ̀. Bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, wọ́n á di etí aṣọ mi mú, wọ́n á máa bi mí pé ṣé n ò tíì fẹ́ máa lọ, “love”. Báyìí làwọn ará Leeds ṣe ń pe èèyàn. Ilé kún fọ́fọ́, màmá lonely. Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ọ́fíìsì rí tí wọ́n fi wá ibi tí àwọn àgbà ti ń pàdé jẹun ọ̀sán fún wọn. Ká ní “lives with family” nìkan ni mo kọ, ta ni ì bá tún bèèrè?

Ìjọba wọn náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Theresa May, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi Tracey Crouch ṣe mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ loneliness, lórí iṣẹ́ tí Jo Cox, aṣòfin tí wọ́n pa ní 2016, ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní kó lọ dín iye àwọn tó ń dá gbé kù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ká tó mọ̀ a ti ń káàánú ẹni tó bá dá gbé, a ò ní bojú wo ẹni tó wà láàárín èrò.

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú o, ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí, inú àròkọ àwọn ọmọ ni mo ti ń pàdé wọn. Ọmọ kan kọ ọ́ pé, “My parents travelled and I was lonely at home.” Mo bi í pé ṣé àárò wọn sọ ọ́ ni. Ó ní rárá, ma, òun ráyè wo bọ́ọ̀lù dáadáa. Mo ní a jẹ́ pé alone lo fẹ́ kọ.

Ọmọ ìyá ni wọ́n o. Wọ́n so all mọ́ one, ó di alone. Wọ́n gé orí rẹ̀, ó ku lone. Wọ́n fìrù sí i, ó di lonely. Àmọ́ alone kì í ṣáájú orúkọ, ẹ ò lè sọ pé “an alone woman”. Tẹ́ ẹ bá sì ní “a lonely woman”, ọ̀rọ̀ ọkàn obìnrin yẹn lẹ ti ń sọ.

Láti Houston

Lone Star ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ Texas tí mo wà, nítorí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tó wà lára àsíá wọn. Wọ́n fi lone yìí ń yangàn. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ pè é ní lonely!

Solitude ni tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ àti ìpè aláìsàn ló ń kún mi létí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí mo bá ráyè, màá wakọ̀ lọ sétí òkun ní Galveston, màá pa fóònù, màá jókòó. Èmi ni mo yàn án, ó sì ń tù mí lára. Ẹ má fi solitary rọ́pò rẹ̀ o: bí wọ́n bá ní ẹnìkan wà ní solitary níbí, yàrá ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń ti èèyàn kan ṣoṣo mọ́ ló ń wá síni lọ́kàn.

Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì. Bó bá kọ ọ́ sí mi pé “I need to be alone”, màá fi í sílẹ̀ kó sinmi. Lọ́jọ́ tó kọ “I feel lonely”, mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti kó jáde, òun ò sì rí ẹni bá jẹun mọ́.