Ìyá ọkọ mi ti ya àwo mi sọ́tọ̀ nítorí ikọ́

Aláìdárúkọ: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé n kò dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ti sú mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé ikọ́ fée ló ń ṣe mí ni wọ́n ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ìdí àwo mi, ife mi àti ṣíbí mi. Lánàá, ọmọ mi fẹ́ fi ife yẹn mu omi, ni wọ́n bá já a gbà, wọ́n da omi nù, wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọmọ náà lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayálégbé. Ní àdúgbò Ìjọkà níbí, ta ni kò tíì gbọ́? Èmi tí mo ń ta ẹ̀fọ́ l'Ọ́jà Ọba! Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ṣé kí n kó jáde ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tèmi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ fún odindi ọdún kan, n kò sì ṣàìsàn o. Má kó jáde, ilé ọkọ rẹ ni.

Bàbá Ọ̀dá: Ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síni, ọsibítù kò rí i. Orógbó àti oyin ni kó wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kòkòrò ló ń fà á. Láti 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ti fi hàn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e bí ẹni tó ní in bá ń wúkọ́, kì í ṣe àwo. Àbúrò, oṣù mélòó lo ti lo oògùn?

Aláìdárúkọ: Ẹ ṣé mà. Àwo yẹn, ìyá mi ló rà á fún mi nígbà ìgbéyàwó. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Bàbá Ọ̀dá: Ẹ má bú oògùn ìbílẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: N kò bú u sà. Àbúrò, oògùn ni mo bi ọ́.

Aláìdárúkọ: Mo lò ó dáadáa mà, oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan. Ikọ́ lọ, mo sanra, mo padà sọ́jà. Ìtọ̀ mi wá ń pọ́n bí epo, ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ mi ló ń jáde, ni mo bá fi í sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà lóòótọ́, àmọ́ títò lórí ìlà ń jẹ ọjọ́ ọjà mi. Ikọ́ ti padà láti oṣù tó kọjá.

Ìyá Tóbi: O dá oògùn dúró, o wá ń ro ẹjọ́ ife!

Ìyá Ìbejì: Ìyá Tóbi, ẹ rọra. Ara ọmọ yìí kò yá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó! Rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, ló ń mú ìtọ̀ pọ́n, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ikọ́ bá lọ, kòkòrò kò tíì kú tán, èyí tó ṣẹ́kù lè máa gbójú sí oògùn, tí oògùn kò fi ní lè pa á mọ́. Má dá èyí tó kù nílé lò o. Padà síbi tí o ti gbà á, kí wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ yẹ̀ wò. Ta ló ń sùn tì ọ́?

Aláìdárúkọ: Ọmọ mi ni mà, ọdún kan ààbọ̀. Òun náà ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé eyín ni. Ṣòkòtò tó wọ̀ ní Kérésì ti ń bọ́ sílẹ̀ nídìí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Gbé e lọ lọ́la. Kí ọkọ rẹ àti ìyá náà lọ ṣàyẹ̀wò. Má já a lẹ́nu ọmú. Fi aṣọ bo ẹnu, ṣí fèrèsé.

Aláìdárúkọ: Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti gbé ọ̀já sórí àga, wọ́n ní àwọn ló máa pọ̀n ọ́n.