“Òṣùwọ̀n ìpànìyàn” kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo àlàyé lórí “òṣùwọ̀n ìpànìyàn” tí ẹ̀gbọ́n wa ní kí àwọn oníròyìn máa lò fún “murder rate” lédè Yorùbá, tí wọ́n bá fẹ́ sọ iye tí wọ́n pa nínú 100,000 èèyàn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, n ò fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi ń wọn nǹkan là ń pè ní òṣùwọ̀n. Lọ́jà, kóńgò ni òṣùwọ̀n, gàrí inú ẹ̀ kọ́. “Ìwọ̀n” sàn díẹ̀, àmọ́ òun náà ò tíì kápá ọ̀rọ̀ yìí, torí kì í ṣe orúkọ ló ń ṣe wá, gbólóhùn ni.

Ẹ rántí April 2018 tí ìwé ìròyìn ń pariwo ní England pé ìpànìyàn London ti ju ti New York lọ. Irọ́ kọ́ o. Ní February, wọ́n pa 15 ní London, wọ́n pa 14 ní New York, ní March ó di 22 sí 21. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n fi jura wọn lọ! Ìgbà tí ọdún fi máa parí, ti New York ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, ti London lé díẹ̀ ní 130, bẹ́ẹ̀ ìlú méjèèjì ló ní ju mílíọ̀nù mẹ́jọ èèyàn lọ. Wọn ò sì rántí sọ pé New York gan-an ló ti wálẹ̀, torí ní 1990 ó ju 2,200 tí wọ́n pa níbẹ̀, kó tó wá di pé kò tó 300 ní 2017. Tẹ́ ẹ bá ní “London ti ju New York lọ” lédè wa, gbólóhùn yẹn ti pé, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé lóṣù wo, láti ìgbà wo. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní “lóṣù February, 15 níbí, 14 lọ́hùn-ún”, ẹni tó ń gbọ́ yín fúnra ẹ̀ á ní, ẹ̀n, ìyẹn náà lẹ wá ń pariwo lé lórí?

Ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tiẹ̀ burú jù. “Ní 2020, ìpànìyàn ní Amẹ́ríkà fi ìdá 30 nínú 100 lé sí i.” Ẹ ka ìyẹn sétí ẹni tí kò bá ìṣirò ṣọ̀rẹ́, ohun tó máa gbọ́ ni pé nínú èèyàn 100, wọ́n pa 30. Bí CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera ará ìlú, ṣe kà á ni pé ní 2019 wọ́n pa bíi mẹ́fà nínú 100,000, ní 2020 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́jọ. Ara mẹ́fà yẹn ni wọ́n ti ṣírò ìdá 30 yẹn, kì í ṣe ara àwọn ará ìlú. Ó burú o, mi ò ní kò burú, ẹ ṣáà sọ fún wa pé mẹ́fà di mẹ́jọ ó dín díẹ̀, nínú èèyàn mélòó, tán.

Èyí tó tún ń jẹ mí lọ́kàn ni “ìfipábánilòpọ̀”. Ìtumọ̀ kan tó ti wà láti 1927 ni FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń lò tẹ́lẹ̀ láti ka ìwà ọ̀daràn yìí, ó sọ pé obìnrin nìkan ni wọ́n lè ṣe é fún, ipá sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti ń fi tuntun kà á, wọ́n yọ ipá kúrò, wọ́n ní kó ṣáà ti jẹ́ pé onítọ̀hún ò yọ̀ǹda, wọ́n sì ka ọkùnrin náà mọ́ ọn. Ẹni tó bá wá kó ti 2012 àti ti 2014 síbi kan náà láì sọ èyí, tó wá ń kígbe pé ìwà yẹn ti pọ̀ sí i, ìtànjẹ ló ń ṣe, bí ò tiẹ̀ mọ̀. Àwa sì nìyí, ipá ṣì jókòó pẹ̀sẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ tiwa! “Ìbánilòpọ̀ láìsí ìyọ̀ǹda” lèmi fẹ́ fi dábàá, mo mọ̀ pé ó gùn fún àkọlé ìròyìn, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí ò sì gbé ipá padà wá, kó gbé e síbí.