Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo rọ́gíbì ní Melrose, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

ỌMỌ ÌBÀDÀN NÍ EDINBURGH
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti wà ní Edinburgh kí n tó mọ apá gúúsù Scotland tí wọ́n ń pè ní Borders. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Melrose Sevens, ìdíje rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje. A wọ rélùwéè ní Waverley, ibùdókọ̀ Edinburgh, a sọ̀ ní Tweedbank, a wá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ojú irin yẹn gan-an, 1969 ni wọ́n ti pa á, àfi lọ́dún 2015 tí wọ́n tún un ṣí.

Ìlú kékeré ni Melrose, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò pé 3,000. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje yìí, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Pápá wọn, Greenyards, wà ní àárín ìlú níbẹ̀, òkè Eildon olórí mẹ́ta sì ga lókè rẹ̀. Ọ̀gá mi pìtàn fún mi láti Waverley títí a fi jókòó.

Ó ní 1877 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ rọ́gíbì Melrose sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1883, owó ti tán lápò wọn pátápátá. Ọmọkùnrin alápatà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ned Haig. Jedburgh ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ ẹran ló gbé e dé Melrose. Òun ló dábàá pé kí wọ́n ṣe ìdíje tí wọ́n á fi rówó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni 15 ló máa ń wà nínú ikọ̀ rọ́gíbì, bí ikọ̀ púpọ̀ bá sì fẹ́ gbá a tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, David Sanderson, tóun náà jẹ́ alápatà, bá sọ ọ́ di ẹni méje-méje, ìṣẹ́jú 15 péré fún ìdíje kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi eré sísá sí i kí èrò lè wá.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Ní 28 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Melrose àti Gala, ẹgbẹ́ ìlú Galashiels tó wà nítòsí, ló kù ní àṣekágbá. Ìṣẹ́jú 15 pé, kò sẹ́ni tó jẹ. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 mìíràn kún un. Kò tíì pé tí Melrose fi gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà, bí wọ́n ṣe ń jẹ nìyẹn, ni gbogbo wọn bá rìn jáde lórí pápá, wọ́n láwọn ti gbégbá orókè. Gala pariwo títí, wọ́n ní àkókò ò tíì tó. Ta ló gbọ́? Ife táwọn obìnrin Melrose fi ta ìdíje náà lọ́rẹ ò kúrò nílé. Èmi ò tiẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ife lọ́wọ́ alápatà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lápá ibẹ̀, kí lẹ ti rí?

NỌ́Ọ̀SÌ ETÍ TWEED
Ẹ̀gbọ́n, ẹ káre. Ọsibítù tó wà lẹ́bàá Melrose ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nílé-ìwé nọ́ọ̀sì pé màá nílò ìmọ̀ rọ́gíbì o! Mo tètè rí i pé bí mo bá fẹ́ kí àgbàlagbà kan gbàgbé abẹ́rẹ́ tí mo mú lọ́wọ́, kí n ṣáà bi í pé ẹgbẹ́ wo ni tiẹ̀. Gbogbo ìlú Borders ló ní ẹgbẹ́ tiẹ̀. Ará Hawick ò ní dákẹ́ mọ́. Ará Kelso ò ní dákẹ́. Bẹ́ ẹ bá wá ṣèèṣì tẹ́ ará Gala àti ará Melrose sí ìtòsí ara wọn, ẹ ti ra wàhálà.

Ìjà wọn ti wà ṣáájú ọ̀rọ̀ ife yẹn. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀, Gala òun Melrose, ni wọ́n bá pínyà lọ́dún 1877. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ará Melrose lọ lóru, wọ́n hú òpó gòólù ní Galashiels, wọ́n gbé e gba ọ̀nà máìlì mẹ́rin wá sílé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Gala ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jí àgbò rẹ̀ lọ lánàá. Mo wá lọ bi ará Melrose kan léèrè, ó rẹ́rìn-ín, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Síbẹ̀ wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rí ara wọn. Líìgì Borders tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1901 ni wọ́n ń pè ní líìgì rọ́gíbì tó pẹ́ jù láyé: Gala, Hawick, Jed-Forest, Langholm àti Melrose ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Kelso àti Selkirk dé lẹ́yìn náà.

AWAKỌ̀ GALASHIELS
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, òpó wa ni wọ́n gbé lọ o, ẹ má fẹ̀rín pa á! Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì lọ́nà yìí, Gala ni mo sì ń ṣe, torí ibẹ̀ ni mo ń gbé tí mo ti ń sanwó ilé.

Màá sọ òtítọ́ ṣá. Láàárín 1990 sí 1997, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú Melrose. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gba líìgì Scotland. Olùkọ́ kẹ́mísírì kan, Jim Telfer, ló wà nídìí ẹ̀, ẹni tó ti kọ́ ikọ̀ Scotland tí wọ́n fi nà gbogbo ikọ̀ yòókù nínú ìdíje orílẹ̀-èdè márùn-ún lọ́dún 1984. Ṣáájú wọn, Hawick ló ni líìgì yẹn: ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, láti 1974 dé 1978, àwọn nìkan ló ń gbà á. Ìlú kéékèèké o, ẹ̀yin èèyàn. Ẹni tó ń ta ẹran, ẹni tó ń dáko, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ, àwọn ló ń wọ aṣọ Scotland.

Ohun tó yí i padà ni owó. Lọ́dún 1995 ni wọ́n gbà kí wọ́n máa sanwó oṣù fún agbárọ́gíbì. Àwọn ọmọ tó dáa wá ń lọ sí Edinburgh àti Glasgow. Wọ́n gbìyànjú láti ní ikọ̀ olówó oṣù kan fún Borders náà, níhìn-ín ní Netherdale, pápá Gala, ló ti ń gbá a, àmọ́ wọ́n tú u ká lọ́dún 2007. Àwọn èrò ọkọ̀ mi tó ti dàgbà ṣì ń bínú sí i. Lójú tèmi, wọn ì bá má dá a sílẹ̀ rárá. Ará Hawick wo ló máa wá sí Galashiels wá ké fún ikọ̀ tí Melrose wà nínú ẹ̀? Ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀ ní tiwọn, wọ́n ń gbá a ní gbogbo Sátidé.

BÀBÁ ÀGBÀ MURRAYFIELD
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ọmọ ilé-ìwé ni mo jẹ́ ní Edinburgh lọ́dún 1993, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé ti rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje ní Murrayfield, pápá ńlá rọ́gíbì Scotland. Orúkọ tí wọ́n sọ ife náà ni Melrose Cup, nítorí Haig àti ẹran rẹ̀.

Èmi ò mọ nǹkankan nípa rọ́gíbì. Ọ̀rẹ́ mi ló ní tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ń jẹ páì ẹran lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí gbohùngbohùn pe “Adebayo.” Páì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Adedayo Adebayo ni, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Balógun ikọ̀ ńkọ́? Andrew Harriman, Èkó ni wọ́n bí i sí, Itsekiri sì ni ìdílé bàbá rẹ̀. Aṣọ England ni wọ́n wọ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, àmọ́ mo ti dìde dúró kí n tó rántí ìyẹn. Àwọn ará Scotland tó yí mi ká ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ya wèrè, torí níbí, ta ní í ké fún England?

Ní àṣekágbá pẹ̀lú Australia, Harriman gba ẹ̀gbẹ́ David Campese, gbajúmọ̀ agbárọ́gíbì wọn, kọjá bí ẹni pé onítọ̀hún so mọ́lẹ̀. 21 sí 17 ló parí sí. Ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó ló gbé ife tó ń jẹ́ orúkọ Melrose sókè. Nígbà tí wọ́n gbé eré yìí dé Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, tí Fiji sì gba góòlù àkọ́kọ́ nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wọn, mo pe ọ̀rẹ́ mi yẹn lórí fóònù, a jọ sọ ọ́ dọ́gànjọ́.

ÌYÁ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ
Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń gbá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí wọ́n korí bọ ara wọn, tí wọ́n ń ti ara wọn, mo ti mú ọ̀nà pápá pọ̀n kí n lọ fà á yọ. Ìyá òyìnbó kan ló dì mí mú. A ti di ọ̀rẹ́ báyìí.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ti Doddie Weir. Melrose ló ti gbá a, ọkùnrin gíga kan báyìí, ìgbà 61 ló ṣojú Scotland. Lọ́dún 2017 ló sọ ọ́ síta pé òun ní àrùn tó ń pa iṣan ara kú díẹ̀díẹ̀, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń kówó jọ fún ìwádìí àrùn náà. Ní oṣù Kọkànlá 2022, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù wọ Murrayfield. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i tó fi kú. Ẹni ọdún 52 ni. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Melrose. Èmi àti ọmọ mi dúró síta. Kò sẹ́ni tó wọ dúdú, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wọ tartan, aṣọ onílà àwọn ará Scotland. Mi ò ní tartan, mo wé gèlè aláwọ̀ ewé mi. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró tì mí fọwọ́ kan gèlè ọ̀hún, ó ní, “Doddie á fẹ́ràn ìyẹn.”

ỌMỌ ÌBÀDÀN NÍ EDINBURGH
Àǹtí, ẹ pa mí lẹ́kún. Ta ló ń bọ̀ lóṣù Kẹrin? Sátidé kejì oṣù ló sábà máa ń jẹ́. Kí ẹ gbé ẹ̀wù òtútù dání, torí atẹ́gùn òkè Eildon ò mojú ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ Gala náà lè wá, a ó fi í sáàárín.

AWAKỌ̀ GALASHIELS
Màá wá. Màá sì ka òpó wọn kí n tó jókòó.