Newsreader wo lẹ fi wọ Usenet? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Àgbà Houston

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Yunifásítì kan ní Texas ni mo wà nígbà náà, trn sì ni newsreader tí mo ń lò, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ka post inú Usenet, àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ọmọ rn ni, èyí tí Larry Wall kọ ní 1984 kó tó lọ ṣe Perl, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kò sí mouse, kò sí àwòrán, bọ́tìnnì orí kíbọ́ọ̀dù nìkan ni. Ẹ tẹ spacebar, post tó kàn á wọlé. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ti sú yín, ẹ tẹ k kékeré: gbogbo ohun tó ń jẹ́ àkọlé yẹn ti di kíkà nìyẹn. K ńlá ló le jù, inú killfile, fáìlì ohun tí ẹ ò fẹ́ rí, ló ń kọ ọ́ sí, àkọlé náà ò sì ní yọjú sí yín mọ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .newsrc. Ìlà inú rẹ̀ máa ń rí báyìí:

soc.culture.african: 1-8214,8220

Orúkọ ẹgbẹ́ ló ṣáájú. Àmì : tó tẹ̀ lé e ń sọ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bí mo bá jáde, àmì ! ló máa dà. Nọ́ńbà àwọn post tí mo ti kà ló kẹ́yìn. Ọwọ́ mi ni àkọsílẹ̀ yẹn wà, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń bá mi yan ohun tí mo máa rí.

Orí trn pé, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹnì kan bá fi post kan ṣoṣo sí ẹgbẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, Message-ID (àmì ìdánimọ̀ post) kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Tí ẹ bá ti kà á nínú ọ̀kan, á ti bá yín sàmì sí i nínú méjì tó kù.

Àfi ìgbà tó di oṣù kẹrin 1994. Lọ́yà méjì kan, tọkọtaya, ní Phoenix, Arizona, gbé ìpolówó lọ́tìrì green card sínú ẹgbẹ́ tó lé ní 5,000. Wọn ò fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà tirẹ̀ àti Message-ID tirẹ̀. Báwo ni newsreader ṣe fẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan náà ni? Mo ṣí soc.culture.african, green card. Mo ṣí comp.lang.c, green card. Mo ní kí n lọ wo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní rec.sport.soccer, green card! Ká má parọ́ ṣá, kò dun àwa ọmọ Nàìjíríà tó bó ṣe dun àwọn òyìnbó. Mo rí ẹni tó ń da àdírẹ́sì wọn kọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ post tiyín ńkọ́? trn á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ń lọ sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, pé ó máa ná wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, bí kò bá tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á wá bi yín pé ṣé ó dá yín lójú gan-an. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ló máa ń gbà á lọ́wọ́ ìjà.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, tiyín dáa, yunifásítì ló ń sanwó. Ní London níbí, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú lowó fóònù ń lọ nígbà náà, fóònù yẹn náà la sì fi ń wọ Usenet. Free Agent, newsreader kan lórí Windows, ló kó mi yọ. Mo máa wọlé, kó àkọlé nìkan, kí n já fóònù. Màá wá fara balẹ̀ mú èyí tó wù mí, kí n tún wọlé lọ kó odidi wọn wá. Èsì tí mo bá kọ á dúró dìgbà tí mo bá tún pè. Ní 1998, tí Abacha kú lóṣù kẹfà, tí Abíọ́lá náà tún lọ ní ọjọ́ keje oṣù keje, ẹ ò lè kó àkọlé soc.culture.nigeria tán. Ìyá ọkọ mi ń pè láti Ìjẹ̀bú, fóònù ò wọlé, èmi ni mo wà lórí láìnì!

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrántí, ẹ̀yin àgbà. Google Groups lèmi fi mọ Usenet. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀ ní 22 February 2024, mo fi news.eternal-september.org, sáfà Usenet kan, kún Thunderbird tí mo fi ń gba ímeèlì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Mo bèèrè nǹkan ní comp.lang.c, ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ò tiẹ̀ dáhùn ìbéèrè, ó ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ mi sísàlẹ̀ ohun tí mo bá fà yọ. Ẹnì kejì ló wá ṣàlàyé, ó sì là á yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í yé jà. Àgbà Houston, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé killfile wà nínú Thunderbird?

Àgbà Houston

Ó wà, àbúrò. Bọ́ sórí post rẹ̀, tẹ K, gbogbo àríyànjiyàn yẹn á wábi gbà. Tó bá jẹ́ òun gan-an lo ò fẹ́ rí, lọ sí Message Filters, mú àkáǹtì news yẹn, kọ orúkọ rẹ̀ sí From, kí o ní kó máa sàmì sí i pé o ti kà á. Tó bá pààrọ̀ orúkọ, wàá tún kọ tuntun ni o.