Wọ́n ti gba WhatsApp mi! Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Mofẹ́, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o! Wọ́n ti gba WhatsApp mi. Ẹnì kan ló pè mí látinú ẹgbẹ́ àdúrà wa, fọ́tò màmá olórí ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ wọn náà ló gbé jáde. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, n kò gbọ́ ohùn yẹn dáadáa. Wọ́n ní àdúrà alẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Zoom, pé kóòdù tí màá fi wọlé ti dé sórí fóònù mi, kí n kà á fún wọn. Mo kà á. Kí n tó mọ̀, WhatsApp ti lé mi jáde, ó ní nọ́ńbà mi ti wà lórí fóònù mìíràn. Wọ́n ti ń fi orúkọ mi yá owó kiri báyìí! Facebook yìí nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni pé fọ́tò páásípọ́ọ̀tì èmi àtàwọn ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ èmi àti dádì wọn, share code eVisa mi, kóòdù tí mo fi ń fi ẹ̀rí ìwé ìgbé mi ní UK han èèyàn, náà wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n máa rí i ni?

Bọ̀dá Kúnlé, Peckham: Ìyá Mofẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ fi fóònù pe àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn yín. Ìyá alájọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, ibi tí owó bá wà ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń sáré gbà. Kí dádì Mofẹ́ náà kọ ọ́ sínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ jọ wà pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọlámidé, Milton Keynes: Àǹtí mi, iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ tún WhatsApp ṣí lórí fóònù yín, ẹ kọ nọ́ńbà yín sí i. Wọ́n á fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tuntun ránṣẹ́ sórí ṣíìmù yín. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sí i, olè yẹn á bọ́ síta lójú ẹsẹ̀. Bó bá wá ní kẹ́ ẹ mú PIN wá, tẹ́ ẹ kò sì ṣe PIN kankan rí, a jẹ́ pé òun ló ti fi PIN tirẹ̀ tì í. Ọjọ́ 7 lẹ máa dúró kẹ́ ẹ tó lè wọlé láìsí PIN yẹn. Ṣùgbọ́n kò lè lo nọ́ńbà yín mọ́ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń dúró. Ẹ má sì máa béèrè kóòdù tuntun léraléra o, wọ́n á dá yín dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àǹtí Ṣadé, Manchester: Háà, àdúrà Zoom! Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi gba ti ọmọ ẹgbẹ́ àjọ wa kan lọ́dún 2023, èmi ni mo sì jìyà rẹ̀. Èmi ni mò ń kó àjọ yẹn jọ, òun ló kàn lóṣù náà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ wọlé látorí nọ́ńbà rẹ̀: "Àǹtí Ṣadé, bánkì ti ti àkáǹtì mi pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án sí ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi." Olè náà mọ̀ pé òun ló kàn, nítorí a kọ ètò àjọ wa gbangba sí ojú ẹgbẹ́. Mo san £1,200. Orúkọ tó fún mi bá ti àkáǹtì mu, bánkì kò pariwo rárá. Ọjọ́ kejì ni onítọ̀hún pè mí pé àjọ òun dà. Wọ́n ní kí n san án padà, mo san án. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ má bínú o, Àǹtí Ṣadé, ẹ̀yin lẹ ni gbèsè yẹn. Owó olówó wà lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ yí àkáǹtì padà, ẹ kò pe ẹni tó ni ín. £1,200 kì í ṣe owó àkàrà.

Alhaja Rìsí, Dublin: Ẹ gbọ́ ná, Bàbá Ìbejì! Ta ló ka kóòdù fún olè? Orí nọ́ńbà onítọ̀hún ni ọ̀rọ̀ ti wá, fọ́tò òun àti ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí ni Àǹtí Ṣadé ì bá fi mọ̀? Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́ ló ni ẹ̀bi. Bí kò bá tiẹ̀ san án tán, kí wọ́n jọ pín in sí méjì.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ pín kí ni? Ìpè ìṣẹ́jú kan péré ni wọn ì bá ṣe! Ní Alief níbí, ẹni tó bá fẹ́ yí àkáǹtì àjọ padà á fojú hàn lórí fídíò. Kò sí fídíò, kò sí owó. Ojú àwa náà ti rí i kí a tó ṣe òfin yẹn. Orí Zelle, tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ni tiwa gbà lọ, ká tó ṣẹ́jú, owó ti rìn.

Ọlámidé, Milton Keynes: Bàbá Ìbejì, fídíò náà ti ń ṣeé yí lóde òní. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó pè yín.

Àǹtí Ṣadé, Manchester: N kò sọ pé n kò jẹ̀bi. Èyí tó ń dùn mí ni pé láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni obìnrin náà ti mọ̀ pé WhatsApp òun ti lọ. Ojú ń tì í, kò sọ fún ẹnì kankan. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ó dákẹ́. Ká ní ó pariwo bí Ìyá Mofẹ́ ṣe pariwo yìí, owó mi kò ní lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn, bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ ta igbe. Kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹ̀sín.

Alhaja Rìsí, Dublin: Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí pé kí wọ́n pín in sí méjì.

Bọ̀dá Kúnlé, Peckham: Ti 2023 ti kọjá, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìsinsìnyí. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, bí gbájúẹ̀ bá tan èèyàn tó fi fowó ránṣẹ́ láti àkáǹtì UK sí àkáǹtì UK, òfin ní kí bánkì dá a padà, títí dé £85,000. Bánkì tó fi ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á ló jọ máa san án ní ìdajì-ìdajì. Wọ́n lè yọ £100 nínú rẹ̀. Oṣù 13 lẹ fi lè béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ tẹ 159, á so ọ̀pọ̀ nínú yín mọ́ bánkì yín gan-an, kẹ́ ẹ má baà lọ wá nọ́ńbà lórí Google kẹ́ ẹ tún bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ mìíràn. Àmọ́ bó bá jẹ́ àkáǹtì náírà l'Ékòó lẹ san án sí, òfin yẹn kò débẹ̀ o.

Tóyìn, Coventry: Àkáǹtì "ìyàwó ẹ̀gbọ́n" yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọmọ iléèwé. Ẹnì kan ní ilé tá a jọ ń gbé, wọ́n ní kó bá àwọn gba £900, kó mú £100, kó fi ìyókù ránṣẹ́. Ó rò pé oore lòun ṣe. Bánkì ti àkáǹtì rẹ̀ pa, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cifas, ibi tí àwọn bánkì ti ń wo orúkọ àwọn tí wọ́n bá ní ìdí jìbìtì, ọdún 6 ni yóò sì fi wà níbẹ̀. Kò rí bánkì tó máa ṣí àkáǹtì fún un, fóònù tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ gan-an, wọn ò fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ebi ń pa wọ́n lóòótọ́, owó iléèwé wúwo, ibẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ ti ń mú wọn.

Ìyá Mofẹ́, Leeds: Ó ti béèrè PIN. N kò ṣe PIN rí láyé mi, a jẹ́ pé ọjọ́ 7 nìyẹn. Mo ti pe ìyá alájọ, mo ti pe pásítọ̀. Àbúrò ọkọ mi ti san £50 fún wọn, mo ti ní kó tẹ 159. Ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́?

Ọlámidé, Milton Keynes: Níwọ̀n bó ṣe lé yín jáde, orí fóònù tirẹ̀ ló ti forúkọ nọ́ńbà yín sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í bá nọ́ńbà lọ, inú fóònù yín ló wà, àfi bó bá rọ́nà wọ Google tàbí iCloud tí WhatsApp ń fi ẹ̀dà pamọ́ sí. Ẹ yí password ibẹ̀ padà lálẹ́ òní. Ohun tí àwọn èèyàn kọ sínú àwọn ẹgbẹ́ yín nígbà tó fi wà níbẹ̀, ìyẹn ló rí. Èyí tó burú jù ni kóòdù mẹ́jọ tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Bí olè bá fún yín ní irú rẹ̀, tẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú WhatsApp yín, ó máa so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, kò ní lé yín jáde, ẹ kò ní fura, á kàn máa bá yín kà á ni, ti àná àti ti òní. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ wo "Linked devices", èyí tẹ́ ẹ kò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sí Settings, ẹ ṣe PIN sí "Two-step verification".

Ìyá Mofẹ́, Leeds: Share code ńkọ́?

Ọlámidé, Milton Keynes: Èyí tẹ́ ẹ fún ibi iṣẹ́, ọjọ́ 90 ló ń lò, kò sì ṣeé ṣí láìsí ọjọ́ ìbí yín.

Alhaja Rìsí, Dublin: Ọjọ́ ìbí kò sí nínú páásípọ́ọ̀tì ni?

Bàbá Ìbejì, Houston: Wàhálà òkè òkun pọ̀ o. Nílé, ta ló ń béèrè kóòdù lọ́wọ́ ẹni?

Alhaja Rìsí, Dublin: Nílé kẹ̀! Ẹnì kan pe màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn mi gan-an ló fi kọ̀ǹpútà gbé wá, ó ń sunkún pé wọ́n ti mú òun ní pápákọ̀ òfurufú. Màmá ní, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kí ni oríkì rẹ?" Ó dákẹ́. Màmá tún bi í. Ó gé e. Àṣàkẹ́ ni mí, kọ̀ǹpútà wo ló máa mọ ìyẹn?

Ọlámidé, Milton Keynes: Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí, Alhaja. Ẹ ti sọ ọ́ síta!

Alhaja Rìsí, Dublin: Yéè! Màá sọ fún Màmá kí wọ́n máa béèrè orúkọ ewúrẹ́ wa àtijọ́. Ìyẹn, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bọ̀dá Kúnlé, Peckham: Ẹ rán mi létí ìyá àgbà mi ní Ìṣẹ́yìn. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti máa kì mí, "Àjàní, ọkọ mi", kí n tó jókòó, orí mi ti wú. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti kì mí. Níbi iṣẹ́ mi, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ mí.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ máa bọ̀ ní Houston, a ṣì ń kira wa níbí. Ẹ̀yin ará London, aládùúgbò yín gan-an ẹ kò mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá Kúnlé, Peckham: Houston tẹ́ ẹ máa wakọ̀ títí kẹ́ ẹ tó rí ẹ̀fọ́ ṣọkọ rà? Bí èèyàn bá sọ̀ ní Rye Lane, òórùn irú ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Àǹtí Ṣadé, Manchester: Ẹ fi ẹnu pa ara yín. Ọ̀fadà Manchester kò lẹ́gbẹ́, ayamase rẹ̀ pọ́n, kì í ṣe ata rodo tí wọ́n fi omi ṣàn bí ti Peckham. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, ilé mi ṣí sílẹ̀. Ìyá Mofẹ́, ẹ kó àwọn ọmọ bọ̀, Leeds kò jìnnà.

Ìyá Mofẹ́, Leeds: Ẹ ṣé, àǹtí mi. N kò tiẹ̀ tíì jẹun láti ọ̀sán. Màá wá.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ máa jẹ ọ̀fadà lọ, àwa ní gbẹ̀gìrì àti ewédú.

Tóyìn, Coventry: Coventry kò ní nǹkan kan, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín. Ta ló ń wakọ̀ gba M6 lọ sí Manchester lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Owó ọkọ̀ ojú irin ti kọjá agbára mi.