Mò ń kọ ìtàn ọmọbìnrin ọba tó sá kúrò ní Sàríà, ẹ bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́_Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa àwọn ará ààfin Zazzau, ìyẹn ìjọba Haúsá tí Sàríà jẹ́ olú ìlú ẹ̀, tí ogun jìhádì lé kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tá a jọ ń gbé Abuja níbí, ẹ ṣáà mọ̀ pé Suleja ló ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀, kó tó di 1976 tí ìjọba fẹ́ kọ́ olú ìlú tuntun tí wọ́n sì gba orúkọ náà fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé orúkọ ọmọ ọba kan ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun jìhádì Usman dan Fodio gba Zazzau, ọba Haúsá tó wà lórí oyè, Makau, kó àwọn èèyàn ẹ̀ ó sá wá sí Zuba, Zuba yìí náà tá a ti ń wọ mọ́tò lọ Kàdúná, ọ̀dọ̀ àwọn Koro, ẹ̀yà kan tó ni ibẹ̀, ló sá sí. Àbúrò ẹ̀ Abu Ja ló jọba lẹ́yìn ẹ̀, òun ló tẹ ìlú Abuja dó ní 1828, nígbà tó máa fi di ọdún kejì wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí i ká. Wọn ò sì jọ̀wọ́ oyè wọn o. Títí dòní Sarkin Zazzau, ìyẹn ọba Zazzau, ni wọ́n ń pe ọba Suleja, bẹ́ẹ̀ Sarkin Zazzau náà ni ti Sàríà ń jẹ́.

Ibi tí mo há sí nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọbìnrin ọba tí mo fi ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn, mo sì fẹ́ràn ọmọ náà débi pé gbogbo àwọn tó lé e jáde ti di ìkà lọ́wọ́ mi. Mo ka orí mẹ́fà àkọ́kọ́ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, kò sọ nǹkan kan títí, ó wá ní "owó orí ta ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ yìí?" Mi ò rí èsì fún un, mi ò sì tíì rí oorun gidi sùn látìgbà yẹn. Torí òótọ́ ni. Àwọn tó dìde nígbà yẹn ní ẹjọ́ tí wọ́n ń rò, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí màlúù ń ni wọ́n lára, wọ́n sì ń kó Mùsùlùmí bíi tiwọn lẹ́rú. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ ọmọ ọba tó bọ́ lọ́wọ́ irú ìdìtẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àánú ẹ̀ ṣe ẹni tó ń kà á, láì bo ìyà táàfin bàbá ẹ̀ fi jẹ mẹ̀kúnnù mọ́lẹ̀?

BàbáÌbejì_Kàdúná

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìbéèrè ọkọ yín dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má fi àlàyé dá a lóhùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan jókòó sábẹ́ igi kó máa sọ̀rọ̀ nípa owó orí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi ara yín: ta ló ru ẹrù ọmọ yẹn?

Láti Sàríà dé Zuba lé ní igba kìlómítà. Èmi ń rin ọ̀nà yẹn dáadáa, mọ́tò ló ń gbé mi, síbẹ̀ tí mo bá fi máa rí òkúta Zuma lọ́ọ̀ọ́kán ẹ̀yìn á ti máa ro mí. Àwọn yẹn wá fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan lórí ẹṣin, pẹ̀lú arúgbó, pẹ̀lú aboyún, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọba ò ní ru nǹkan kan. Ẹrú ló máa ru ú. Ẹ wá wò ó báyìí, ogun ti dé, ààfin ti tú, ẹni tó ń ṣọ́ ẹrú náà ń sá fún ẹ̀mí ara ẹ̀, igbó wà lápá ọ̀tún wà lápá òsì, kí ló dé tí ẹrú yẹn ò fi sọ ẹrù sílẹ̀ kó máa bá tiẹ̀ lọ? Ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹ̀ wà nínú àwọn tó ń lọ. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti jí i kó ti jìnnà débi tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń retí òru tí òṣùpá ò ní yọ. Ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n dájú, kí ọmọ yín má mọ̀ ọ́n ní tiẹ̀. Ẹni tó ń kà á á máa rí ohun tí ọmọ náà ò rí, ìyẹn á sì ti dá ọkọ yín lóhùn.

Gwagwalada_Ońkàwé

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì. Tèmi ni pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sínú ìtàn ọmọ ọba tó ń fara pamọ́ tí gbogbo ayé rò pé ó ti kú. Ó ti sú wa. Nílẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ọba, ọmọkùnrin ọba Louis XVI kú sí àhámọ́ ní 1795, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré, síbẹ̀ oríṣiríṣi ọkùnrin ló jáde tí kálukú ní òun ni ọmọ náà, ó di 2000 tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA sí ọkàn tí wọ́n yọ lára òkú ọmọ náà kó tó hàn pé inú àhámọ́ ló kú sí lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Marie-Thérèse, tó yè é gan-an, tiẹ̀ ló máa ń dùn mí jù. Wọ́n ti pa ìyá ẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1793, àmọ́ 1795 ni wọ́n tó sọ fún un, ọmọ yẹn wà nínú yàrá ó ń retí ìyá ẹ̀.

Nítorí náà ẹ ro bí ìròyìn ṣe ń dé Zuba. Ta ló ń ti Sàríà bọ̀? Oníṣòwò iyọ̀ kan lè dé, kó ní òun rí ẹnì kan tó jọ ẹ̀gbọ́n ọmọ ọba yín lọ́jà, ọdún méjì gbáko kí ọmọ yẹn máa gbé ọ̀rọ̀ oníyọ̀ yìí sùn, kó máa gbé e jí.

ÌyáTọ́pẹ́_Suleja

Ẹ ṣé gbogbo yín, àmọ́ inú ń bí mi díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tíì bi onílé. Suleja ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi, Gbagyi ló wà lọ́tùn-ún mi, Gbagyi ló wà lósì. Àwọn Gbagyi àtàwọn Koro ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ẹṣin ọba kankan tó dé. Ẹ fojú inú wo ẹni tó sá dé pẹ̀lú eruku lára, ẹ bu omi fún un, ẹ fún un níbi tó máa sùn, nígbà tó yá ó mọ odi, ó jọba lórí agbègbè yín. Nínú ìtàn tiwọn, ta ni wọ́n lé? Àwọn náà ní ìyá tó sin òkú síbẹ̀. Nígbà tó tún wá di 1976 ìjọba dé, wọ́n tún gba ilẹ̀, kódà wọ́n gba orúkọ ìlú lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọba náà, orúkọ Ẹ́míà Suleimanu Barau ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Suleja.

Àǹtí mi, ẹ fi ojú onílé sínú ìwé yẹn. Ohun kékeré kan lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀: obìnrin Gbagyi kì í fi orí ru ẹrù, èjìká ni. Ọmọ tó dàgbà ní Sàríà, tó jẹ́ pé orí ló ti ń rí ẹrù látọjọ́ tó ti dáyé, tó bá kọ́kọ́ rí obìnrin tó gbé igi ìdáná sí èjìká lójú ọ̀nà Zuba, á mọ̀ pé òun ti kúrò nílé lóòótọ́.

Àlàmú_Minna

Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́, mo kí yín. Ìmọ̀ràn wọn dáa, ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ má fi ọkàn tiwa lónìí sí ọmọ yẹn láyà. Ọmọ ọba ayé ìgbà yẹn ò ní jókòó máa kẹ́dùn nítorí mẹ̀kúnnù, ìbínú ni á máa bí i, á ní wọ́n ja òun lólè. Ẹ jẹ́ kó bínú, kó sì ṣi ẹlòmíì gbọ́.

Ohun tí ìdílé ọba máa ń ṣe tí ìlú bá fọ́ ni pé wọ́n á tún ààfin tò. Ẹ wo Àtìbà tiwa, Ọ̀yọ́ Ilé ti túká, ó dé Àgọ́ Ọ̀jà ó sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́, ó fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, ó dá àwọn oyè padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn Zazzau náà gbé oyè ààfin wọn, Madawaki, Galadima, Wambai, dání wá. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnì kan joyè ní Zuba. Oyè ńlá, kò sí ilẹ̀ tó bá a lọ, láwàní ti gbó, wọ́n sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nílé. Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Kubwa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ti ka èsì yín tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àlàmú, òótọ́ lo sọ, mo ti ń fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i lẹ́nu. Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ mo ń gba Zuba kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mi ò sì ronú kàn wọ́n. Mo ti ya ìdajì orí kìíní dànù, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí rèé:

"Ó di òru kẹta kí n tó mọ̀ pé mi ò mọ orúkọ obìnrin tó ru àpótí mi. Òkùnkùn ṣú, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo fẹ́ pè é. Mo lanu, kò sóhun tí mo lè pè é. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ níwájú mi, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́."

BàbáÌbejì_Kàdúná

Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fi àlàyé kankan tẹ̀ lé e.

ÌyáTọ́pẹ́_Suleja

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára o. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá ráyè, ìyá àgbà Gbagyi kan wà ládùúgbò wa tó máa ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe gbé ayé kí títì tó dé, ọmọ mi á máa bá wa túmọ̀. Kẹ́ ẹ mú ohun ìkọ̀wé dání, kẹ́ ẹ sì ra orógbó wá, ó fẹ́ràn ẹ̀.