Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ tó ń fi amọ̀ ṣe fíìmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní stop-motion nílùú Ìbàdàn: a ó fi amọ̀ mọ Ìjàpá, a ó sún un díẹ̀, a ó ya fọ́tò, a ó tún sún un. Fọ́tò 12 là ń lò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà fíìmù ìṣẹ́jú-àáyá 10 gba 120. Ibẹ̀ ló ti ń sú àwọn kéékèèké. Ṣé kí n dín fọ́tò kù sí 8 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, àbí kí n pín iṣẹ́ fún wọn?

Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tún ń dà mí láàmú. Bí ìkùukùu bá ti kọjá, fíìmù á máa ṣẹ́jú. Mo ti ṣètò kámẹ́rà kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà má baà máa yí padà fúnra rẹ̀, kò tó. Iná ọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ jọ̀ọ́, irú iná alábátìrì wo lẹ̀ ń lò?